Wọ́n Tún Ìwé Àjogúnbá Iṣu Kà: Kí Ló Kan Bantè àti Savalou Níbẹ̀?

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Ìbàdàn, láti ilẹ̀ Jàpáànì àti láti àwọn ilẹ̀ míràn kéde pé àwọn ti ka ìwé àjogúnbá iṣu funfun fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di ọdún 2020, wọ́n tún un kà. Àtúnkà yìí yí ohun púpọ̀ padà nínú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé wọ́n mọ̀ nípa ibi tí iṣu ti wá.

Iṣu tí ọ̀rọ̀ kàn yìí kì í ṣe ohun àjèjì. Òun ni àgbẹ̀ Bantè ń kọ ebè fún. Òun ni wọ́n ń gún níyán ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí ìlú bá ń ṣe ọdún iṣu tuntun. Òun náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ń kó gba ọ̀nà Ìdàáṣà lọ sí Kútọnu. Ohun tí wọ́n kà jáde nínú rẹ̀ ti ń di dúkìá báyìí, àwọn ìjọba ayé sì ti ń jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe pín èrè irú dúkìá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń gbin iṣu mọ ohun tí wọ́n kà, bí wọ́n ṣe kà á, àti ìdí tí wọ́n fi tún un kà.

Orílẹ̀-èdè Benin wà ní ipò kẹrin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin iṣu jù lọ láyé. Nàìjíríà ló ṣáájú, òun nìkan ló sì ń mú ju ìdajì gbogbo iṣu ayé jáde. Gánà àti Côte d'Ivoire tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Benin. Ní ìpínlẹ̀ Collines, níbi tí Bantè àti Savalou wà, oríṣiríṣi iṣu funfun ló wà lóko. Laboko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù nínú wọn. Ó máa ń tètè ta, iyán rẹ̀ sì dára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wà á lọ́dún kan: àkọ́kọ́ fún jíjẹ àti títà, èkejì fún èébù tí wọn yóò gbìn ní ọdún tó ń bọ̀. Kokoro ní tirẹ̀ kì í tètè ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń wà á, òun sì ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń sá gbẹ fún èlùbọ́. Lójú àwọn onímọ̀, ọmọ ìyá ni Laboko àti Kokoro. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì nínú ìwé wọn: Dioscorea rotundata.

Kí ni ìwé àjogúnbá? Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, yálà ènìyàn, ewúrẹ́ tàbí iṣu, okùn tín-ín-rín kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní ADN. Lórí okùn yìí ni gbogbo àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé wà: bí ewé yóò ṣe rí, bí iṣu yóò ṣe tóbi tó, bóyá ara rẹ̀ yóò funfun tàbí yóò pọ́n. Láti ọ̀dọ̀ òbí ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, ìdí nìyí tí orúkọ ìwé àjogúnbá fi bá a mu. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ìwé náà: A, C, G àti T. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà mẹ́rin yìí tò tẹ̀ lé ara wọn lọ títí. Ti iṣu funfun tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 570 lẹ́tà. Kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, kò sí àmì ìdánudúró, kò sì sí orí-ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú kíka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kìíní ni kí a mọ lẹ́tà tó wà níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tò. Iṣẹ́ kejì ni kí a fi àmì sí etí ìwé: ibí ni àṣẹ kan ti bẹ̀rẹ̀, ibí ló parí sí, iṣẹ́ báyìí ló ń ṣe. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Ẹni tó ti dàgbà kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì yìí dáadáa. Ènìyàn lè mọ gbogbo lẹ́tà tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn, kí ó pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìṣìnà, kí ó má sì tíì mọ ohun tí ìwé náà ń sọ. Nínú kíkà ti 2017, kọ̀ǹpútà tọ́ka sí jíìnì 26,198 nínú iṣu. Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe ni pé ó wo ibi tí lẹ́tà iṣu ti jọ lẹ́tà àwọn ohun ọ̀gbìn míràn tí wọ́n ti kà ṣáájú, ó sì méfò ìtumọ̀ wọn. Ìméfò tó ní ẹ̀rí lẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n ìméfò ṣì ni.

Kò sí ẹ̀rọ tó lè ka okùn gígùn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n ka ègé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tún wọn tò. Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí: bí ẹnì kan bá ya ìwé ńlá kan sí ègé tíntìntín tí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ní kí ọmọ rẹ̀ tún un tò, ọmọ náà yóò ṣe é dé ibì kan. Àmọ́ tí gbólóhùn kan náà bá wà ní ojú-ewé mẹ́wàá, ègé wo ni yóò fi sí ibo? Ìwé iṣu sì kún fún irú àtúnwí bẹ́ẹ̀. Ègé kéékèèké ni wọ́n fi ṣe kíkà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, wọ́n rí ìdì 21. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ ni pé okùn 40 ló wà nínú iṣu funfun, ní méjì-méjì, èyí tó túmọ̀ sí ìdì 20. Nígbà tí wọ́n máa tún un kà, ẹ̀rọ tuntun ti dé tó lè ka ègé gígùn, tí lẹ́tà tó wà lórí ọ̀kan nínú wọn lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ibi tó dàrú tẹ́lẹ̀ ló tò dáadáa, ìdì náà sì wá di 20.

Àwọn kan lè rò pé títún ìwé kà jẹ́ àmì pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan wà, ọ̀kan nínú ìdílé àwọn ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ojú omi adágún tí kò ṣàn. Synechocystis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ bí ewé ti ń ṣe. Ní ọdún 1996, ilé ìwádìí Kazusa ní Jàpáànì ka ìwé rẹ̀ tán pátápátá. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kà tán láàárín gbogbo ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ báyìí, kò sì ju mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ lẹ́tà àti díẹ̀ lọ. Nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà, àwọn yàrá ìwádìí mélòó kan tún un kà. Wọ́n rí àwọn lẹ́tà tí wọ́n ṣì kà tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì tún rí ohun tó yà wọ́n lẹ́nu jù ìyẹn lọ: èyí tí wọ́n ń sìn ní ilé ìwádìí kan ti yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń sìn ní òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń pè é. Bí ohun tó kéré tó báyìí bá nílò àtúnkà, kí ni kí a sọ nípa iṣu tí ìwé rẹ̀ gùn jù ú lọ ní ìlọ́po àádọ́jọ?

Kíkà àkọ́kọ́ ti iṣu kò já sí asán rárá. Òun ló fi hàn bí iṣu ṣe ń di akọ tàbí abo. Àgbẹ̀ tó bá ń fara balẹ̀ wo okùn iṣu rẹ̀ mọ̀ pé òdòdó inú oko kò rí bákan náà. Akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, àwọn kan kì í sì yọ òdòdó rárá. Ní ti ènìyàn, láti ọ̀dọ̀ bàbá ni ohun tó ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ti ń wá. Ti iṣu funfun yàtọ̀: ọ̀dọ̀ abo ni ìpinnu náà wà, gẹ́gẹ́ bó ti rí lára adìyẹ. Nítorí pé wọ́n ti mọ ibi tí àṣẹ yìí wà nínú ìwé, àwọn tó ń mú irú iṣu tuntun jáde lè gé ewé kékeré lára ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo láìdúró de òdòdó.

Èyí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí kì í gbin iṣu láti inú hóró. Èébù ni àgbẹ̀ ń gbìn. Èébù tí a gé lára iṣu kan kì í ṣe ọmọ iṣu náà. Iṣu náà fúnra rẹ̀ ni, tó tún ń gbé ayé lẹ́ẹ̀kan sí i. Laboko tó dára ní ọdún yìí yóò dára bákan náà ní ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn ni àǹfààní èébù. Àléébù rẹ̀ ni pé àrùn tó bá wọ inú rẹ̀ yóò bá a lọ láti ọdún dé ọdún, kò sì sí agbára tuntun tó ń wọlé. Láti rí iṣu tó dára bíi Laboko tó sì lè kojú àrùn, akọ gbọ́dọ̀ bá abo pàdé, kí hóró wà, kí wọ́n gbìn ín, kí wọ́n sì yan èyí tó dára jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ yìí ń gbà. Ohun tí ìwé àjogúnbá ṣe ni pé ó dín ìdúródè kù. Òtítọ́ tó yẹ kí wọ́n sọ fún àgbẹ̀ ni pé kíka ìwé nìkan kò tíì mú ebè kan ṣoṣo ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà ṣì jìn láàárín yàrá ìwádìí àti oko.

Ibi tí àríyànjiyàn ti le jù ni ọ̀rọ̀ orírun. Ní ọdún 2019, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti ka ìwé àjogúnbá iṣu 167, àwọn kan láti oko, àwọn kan láti inú igbó. Ohun tí wọ́n rí ni pé iṣu inú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Dioscorea praehensilis ni baba ńlá iṣu funfun. Wọ́n tún sọ pé agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà yóò rí i pé Benin wà láàárín gbùngbùn agbègbè náà. Ìwádìí yìí gbé orúkọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ga, nítorí pé àwọn ìwé ìtàn kan ti máa ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ bí ẹni pé ibòmíràn ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Àtúnkà ti 2020 ló wá dá ọ̀rọ̀ míràn sílẹ̀. Yu Sugihara àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Jàpáànì àti ní Ìbàdàn lo ìwé tí wọ́n ti tún tò, wọ́n sì fi wo iṣu funfun 336. Wọ́n ní òbí méjì ni iṣu funfun ní, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan ni iṣu inú igbó tí Scarcelli ti dárúkọ. Èkejì ni iṣu inú ọ̀dàn, Dioscorea abyssinica. Wọ́n ní àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n bí ọmọ, ọmọ náà ni àwọn baba ńlá mú wá sí oko. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé lórí okùn tó ń pinnu akọ àti abo, ohun tó wá láti ọ̀dọ̀ iṣu ọ̀dàn pọ̀ ju bó ti pọ̀ lórí àwọn okùn yòókù lọ.

Àríyànjiyàn yìí kọjá ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Bí òbí bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, igbó kìjikìji nìkan ni ó yẹ kí a dáàbò bò kí ẹ̀jẹ̀ iṣu má bàa gbẹ. Bí òbí bá jẹ́ méjì, ọ̀dàn náà ṣe pàtàkì, pẹ̀lú gbogbo iṣu tó ń hù láàárín koríko rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jó níná lọ́dọọdún láìwo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ títí di ìsinsìnyí kò tíì jẹ́ kí a gbójú fo ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a ṣe bí ẹni pé òbí méjèèjì ṣì wúlò.

Bantè àti Savalou wà níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti ń pàdé gan-an. Ìgbànú igbó ńlá tó lọ ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já ní agbègbè Tógò àti Benin, ọ̀dàn sì gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ìtòsí òkun. Ní agbègbè Bantè, ènìyàn lè kúrò nínú koríko gíga kí ó bọ́ sínú igbó etídò láàárín ìrìn díẹ̀. Igbó ìjọba ti Agoua wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá nínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ibi tí iṣu igbó àti iṣu ọ̀dàn ti lè fẹ́ ara wọn, ni àwọn ọdẹ agbègbè yìí ń rìn kọjá lójoojúmọ́.

Àwọn àgbẹ̀ náà kò sì jókòó lásán. Ní Benin, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì wà tí wọ́n ń lọ wa iṣu inú igbó, tí wọ́n ń gbìn ín sínú ebè ní ọdún bíi mélòó kan tẹ̀léra, tí wọ́n ń yan èyí tí ara rẹ̀ ń rọ̀, títí yóò fi di iṣu tí a lè jẹ. Ní ọdún 2003, Mignouna àti Dansi tẹ ìwádìí jáde lórí bí àwọn Nàgó àti àwọn Fọ̀n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tó yá, Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ADN àwọn iṣu tí àgbẹ̀ Benin mú wá láti inú igbó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn kan jẹ́ iṣu igbó pọ́ńbélé, àwọn kan jẹ́ ọmọ tí iṣu igbó bí fún iṣu oko, àwọn míràn sì jẹ́ ọmọ iṣu oko méjì tó hù fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé àgbẹ̀ tó mú iṣu láti inú igbó wá ń ṣe iṣẹ́ tí èébù kò lè ṣe: ó ń mú agbára tuntun wọ inú oko. Ohun tí àwọn ilé ìwádìí ń fi owó gọbọi ṣe lónìí, àwọn kan ti ń fi ọkọ́ àti sùúrù ṣe é láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn.

Ṣùgbọ́n iye àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀. Ìmọ̀ ọ̀hún wà lọ́wọ́ àgbàlagbà, àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè rẹ̀. Ilẹ̀ tí iṣu igbó ń hù sí náà ń dín kù. Wọ́n ń gé igi fún èédú, wọ́n ń ṣán igbó fún oko tuntun, kajú sì ti gba ilẹ̀ tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó sinmi. Kò sí ẹni tó lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi lórí kajú. Òun ló ń san owó ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá jù lọ báyìí tí ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tútù lọ sí òkèèrè láti oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ inú orílẹ̀-èdè máa ṣiṣẹ́ lé e lórí. Síbẹ̀, ilẹ̀ tó bá di oko kajú kì í padà di igbó fún ìgbà pípẹ́. Bí iṣu igbó kan bá parun níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ka ìwé rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí yóò tún un kà mọ́.

Ilé iṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn ní àká ńlá kan tí wọ́n ń tọ́jú oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn sí, iye àpẹẹrẹ iṣu tó wà níbẹ̀ sì ju 5,000 lọ. Iṣẹ́ takuntakun ni. Àmọ́ kò sí àká tó lè tọ́jú ohun tí wọn kò gbé wá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ní ọdún 2010, àwọn orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Nagoya, ní Jàpáànì. Àdéhùn náà ní ẹni tó bá mú ohun ẹlẹ́mìí láti ilẹ̀ kan lọ ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì bá àwọn onílẹ̀ pín èrè. Ó di òfin ní ọdún 2014, Benin sì wà lára àwọn tó gbà á. Àdéhùn míràn tún wà fún ohun ọ̀gbìn tí ènìyàn ń jẹ, èyí tí wọ́n ṣe ní 2001. Iṣu wà lára àwọn ohun tí ó kàn, ó sì jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè lè fi irúgbìn ránṣẹ́ sí ara wọn fún ìwádìí láìsí wàhálà púpọ̀.

Ihò ńlá kan wà lára àwọn àdéhùn wọ̀nyí. Iṣu tó wà nínú àpò ni wọ́n ń ronú sí. Nígbà tí wọ́n bá ti ka ìwé àjogúnbá tán, wọn kò nílò iṣu náà mọ́. Lẹ́tà náà wà nínú kọ̀ǹpútà ní Jàpáànì, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìdàáṣà lè ka ìwé kan náà pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Tokyo. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó fẹ́ jèrè náà lè kà á, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lórí ihò yìí ni àwọn ìjọba ti ń jà láti ọdún pípẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ní Montréal, wọ́n fẹnu kò pé ó yẹ kí èrè tó bá wá láti inú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà náà di ohun pípín. Ní ọdún 2024, ní ìlú Cali ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún un. Oṣù kejì ọdún 2025 ni wọ́n ṣí àpò náà ní Róòmù. Wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jèrè nínú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn síbẹ̀, tàbí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún owó tó wọlé fún wọn. Wọ́n tún ní kí ó kéré tán ìdajì owó náà máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ìbílẹ̀ àti àwọn ará abúlé tó ń tọ́jú àwọn ohun ẹlẹ́mìí. Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé wọn kò fi ipá mú ilé iṣẹ́ kankan láti san án. Ẹni tó bá sì ń retí pé owó yóò dé Bantè ní ọdún yìí ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Bó bá tilẹ̀ wá dé lọ́jọ́ kan, ta ni wọn yóò fún? Ibí ni àléébù àmì etí ìwé ti hàn gbangba. Iṣu tí wọ́n kà ní 2017, tí wọ́n sì tún kà ní 2020, ní orúkọ tirẹ̀: TDr96_F1. Iṣu kan ṣoṣo ni, èyí tí wọ́n mú jáde nínú iṣẹ́ ìwádìí ní Ìbàdàn. Ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń lò bí òṣùwọ̀n láti fi wo àwọn iṣu yòókù. Orúkọ bẹ́ẹ̀ wúlò nínú yàrá ìwádìí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé iṣu báyìí ni àwọn ará abúlé báyìí ń fi gún iyán, tàbí pé èyí kì í rà bí òjò bá pọ̀ jù, tàbí pé bàbá àgbà kan ló gbé e wá láti etí igbó Agoua. Kọ̀ǹpútà lè méfò ohun tí jíìnì kan ń ṣe. Kò lè mọ̀ pé iyán rẹ̀ ń fà, tàbí pé ó máa ń di líle bó bá di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń gún un ló mọ̀.

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn mọ̀ pé àwọn nílò ìmọ̀ yìí. Láti ọdún 2014 ni iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AfricaYam ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire àti Benin, láti mú irú iṣu tuntun jáde. Ní Ìdàáṣà, tí kò jìnnà sí Savalou, yunifásítì ní yàrá ìwádìí tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Benin. Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ àgbẹ̀ má ṣe wọ inú iṣẹ́ náà láìní orúkọ, bí omi tí wọ́n dà sínú ìkòkò ẹlòmíràn.

Ìgbìmọ̀ kọmúnù Bantè àti ti Savalou kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ti mọ ìwé kọ báyìí, tí wọ́n lè jókòó ti àwọn àgbàlagbà tó mọ iṣu igbó kí ọjọ́ tó lọ. Orúkọ tí wọ́n ń pe iṣu kọ̀ọ̀kan ní èdè ibẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i, ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wá sí oko, ọdún mélòó tó gbà kí ó tó rọ̀, àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe: gbogbo èyí lè wọ inú ìwé ìléèwé kan. Kí wọ́n ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì kọmúnù pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, kí èkejì wà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Nígbà tí ẹni tó ń ṣe ìwádìí bá tún dé láti wa iṣu lọ, kí nọ́ḿbà tí yóò fún un wọ inú ìwé náà lọ́jọ́ kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí àwọn onílé ń pè é.